Àwọn ìwé Shakespeare tí Shakespeare kò kọ: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí William Henry Ireland

Ta ni William Henry Ireland, kí ló sì ṣe gan-an?

Ọmọ London ni. Ọdún 1775 ni wọ́n bí i, ṣùgbọ́n 1777 ni òun fúnra rẹ̀ máa ń pè é, kí ó lè jọ pé ọmọdé ni lásìkò tó dán ohun tó dán wò. Láti ìparí ọdún 1794 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1796, ó ń jókòó sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé, ó ń kọ ìwé ilẹ̀, ìwé gbèsè, lẹ́tà ìfẹ́, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, àti eré orí ìtàgé, ó sì ń sọ pé William Shakespeare, tó ti kú láti 1616, ló kọ wọ́n. Àwọn ọ̀mọ̀wé gbà á gbọ́, àwọn àlùfáà gbà á gbọ́, ọmọ ọba gan-an ní kí wọ́n gbé àwọn ìwé náà wá fún òun wò.

Ṣé nítorí owó ni?

Rárá, ó kéré tán, owó kọ́ ló kọ́kọ́ dé ọkàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni. Samuel Ireland jẹ́ oníṣẹ́ ọnà tó ń fín àwòrán sára bàbà, tó sì ń tẹ ìwé ìrìn-àjò jáde. Ilé rẹ̀ ní Norfolk Street, lẹ́bàá Strand, kún fún ohun àtijọ́. Ó fẹ́ràn Shakespeare débi pé ó máa ń sọ pé òun yóò fi gbogbo ìwé olówó iyebíye òun sílẹ̀ bí òun bá lè rí ìlà kan ṣoṣo tí Shakespeare fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ èyí lójoojúmọ́. Ọmọ náà kò mọ̀wé ní iléèwé, wọ́n sì kà á sí olódo nínú ilé.

Ní 1793, bàbá àtọmọ rin ìrìn-àjò lọ sí Stratford, ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí. Ní ilé kan tí wọ́n ń pè ní Clopton House, ẹni tó ń gbébẹ̀ sọ fún wọn pé ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni òun dáná sun apẹ̀rẹ̀ ìwé bíi mélòó kan tí orúkọ Shakespeare wà lára wọn. Àwàdà lásán ni, ṣùgbọ́n Samuel fi igbe bọnu. Ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ nírú ipò bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun tí ó lè fi ra ojúure rẹ̀.

Ìwé wo ló kọ́kọ́ ṣe?

Ìwé ilẹ̀ ni. Ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, 1794 ló gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Àdéhùn ni, láàárín Shakespeare àti òṣèré ẹgbẹ́ rẹ̀ John Heminges ní apá kan, àti Michael Fraser pẹ̀lú Elizabeth ìyàwó rẹ̀ ní apá kejì. Kò ṣàdédé yan ìwé ilẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń fọwọ́ kan ìwé ilẹ̀ ayé àtijọ́ níbi iṣẹ́, ó mọ bí gbólóhùn inú wọn ṣe ń rìn, ó sì lè fi ojúlówó kan láti ìgbà Ọba James Kìíní síwájú, kí ó máa wò ó kọ. Ìwé ilẹ̀ kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn ènìyàn, nítorí náà ẹni tó ń kọ ayédèrú rẹ̀ kò nílò ọgbọ́n akéwì.

Níbo ló ti rí awọ àti bébà tó gbó tó bẹ́ẹ̀?

Awọ ẹran tó kọ ìwé ilẹ̀ náà sí, inú ọ́fíìsì ló wà. Ìwé owó-ilé àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣófo, ó gé ibi tó ṣófo náà kúrò. Fún bébà, ó kọ́kọ́ lo ewé ìta ìwé ìṣirò owó kan láti ayé Ọba Charles Kìíní. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i, ó lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ìwé nítòsí St Martin's Lane, ó fún un ní ṣílè 5, ó sì gbàṣẹ láti yọ gbogbo ewé òfìfo tó wà níwájú àti lẹ́yìn àwọn ìwé ńláńlá inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bébà gidi ni, ọjọ́ orí rẹ̀ pé, ìdọ̀tí ara rẹ̀ kì í ṣe àtọwọ́dá.

Àmì inú bébà kò kọ́kọ́ yé e. Bébà ayé ìgbà náà ní àmì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi sínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ènìyàn bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ ló máa hàn. Ó gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá wo ìwé nílé wọn pé àmì ife onígbá-ìdìmú pọ̀ lára bébà ìgbà Ọbabìnrin Elizabeth. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣa bébà tó ní àmì yìí, ṣùgbọ́n ó ń da àwọn tí kò ní àmì rárá pọ̀ mọ́ wọn, kí ó má baà jọ pé ẹnì kan jókòó yàn wọ́n. Àwọn tó wá yẹ̀ ẹ́ wò gan-an ló kọ́ ọ bí yóò ṣe tàn wọ́n.

Tàdáwà rẹ̀ ńkọ́?

Tàdáwà gidi ti ayé Shakespeare, kókó ara igi óákù, imí-irin àti oje igi ni wọ́n fi ń pò ó. Bí ó bá ti pẹ́, dúdú rẹ̀ máa ń yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú, á sì jẹ wọ inú bébà. Tàdáwà tuntun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan. Ireland kọ́kọ́ fi omi la ti ọ́fíìsì, kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó bá oníṣẹ́ kan pàdé ní ilé ìdìwé, oníṣẹ́ náà sì po omi mẹ́ta tí àwọn adìwé fi ń ṣe ọnà sára èèpo ìwé pọ̀ fún un nínú ìgò kékeré. Ṣílè kan ló san.

Bí wọ́n bá fi kọ̀wé, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé bébà náà súnmọ́ iná fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yọ jáde ní àwọ̀ ilẹ̀, bí ohun tó ti wà fún igba ọdún. Ewu ibẹ̀ ni pé iná náà ń rà létí bébà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé rẹ̀ ló ní etí tó gbẹ, tó sì pọ́n bí ohun tó bọ́ nínú iná. Ó yà wá lẹ́nu pé àwọn tó rí i kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí wọ́n béèrè ìdí tí lẹ́tà ìfẹ́ àti ìwé gbèsè fi jóná ní ọ̀nà kan náà.

Òǹtẹ̀ ara ìwé ilẹ̀ ni ó yẹ kó le jù. Báwo ló ṣe ṣe é?

Òun ló le jù lóòótọ́. Nígbà náà, wọn kì í tẹ òǹtẹ̀ sórí ìwé gan-an. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n ń fi kọ́ sísàlẹ̀, tí wọ́n á wá fi ìda bò ó. Ireland fẹ́ yọ òǹtẹ̀ láti ara ojúlówó, kó gbé e sórí tirẹ̀. Ó yọ́ ọ, kò ṣeé ṣe, nítorí ìda tó ti gbẹ fún ọdún pípẹ́ kì í yọ́ mọ́, ńṣe ló ń wó di ìyẹ̀fun.

Ọ̀nà tó gbà nìyí. Ó mú ọ̀bẹ gbígbóná, ó la òǹtẹ̀ náà ní ìbú láìba ojú rẹ̀ jẹ́. Ó gbẹ́ inú ẹ̀yìn rẹ̀, ó ki awọ tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó sì fi ìda tuntun dí i. Níwọ̀n bí ìda tuntun kò ti jọ ti àtijọ́, ó fi ẹ̀ẹ́dú àti eérú èédú pa á lára títí àwọ̀ wọn fi sún mọ́ra. Ẹni tó bá wo iwájú yóò rí òǹtẹ̀ gidi, torí gidi ni lóòótọ́. Ẹni tó bá yí i padà ni yóò rí ibi tí wọ́n so ó pọ̀.

Ẹnì kan tilẹ̀ wo àwòrán ojú òǹtẹ̀ náà, ó ní àpẹẹrẹ ohun tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀kọ̀ gún nǹkan ni. Orúkọ Shakespeare sì ní «spear», ìyẹn ọ̀kọ̀, nínú. Inú gbogbo ilé dùn. Ireland kò tilẹ̀ mọ ohun tó wà lójú òǹtẹ̀ tó yọ.

Ta ló sọ pé ó fún un ní àwọn ìwé yìí?

Ọlọ́rọ̀ kan tí kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. «Mr H.» ni wọ́n ń pè é. Ireland ní àpótí ìwé àtijọ́ kan wà nílé ọkùnrin náà, pé òun bá a rí ìwé kan tó jẹ́ kí ó fìdí ohun ìní rẹ̀ múlẹ̀, ó wá sọ pé kí òun máa kó ohunkóhun tó bá kan Shakespeare. Ẹnikẹ́ni kò rí Mr H. rí, bàbá rẹ̀ náà kò rí i, àfi lẹ́tà tó ń gbà látọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí ọmọ rẹ̀ ń kọ.

Níbí ni a rò pé ó yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ìwé tí a kò lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tàdáwà rẹ̀ ì báà jẹ́ ti Ádámù, kò tíì di ẹ̀rí.

Kí ni àwọn ìwé tó kù?

Wọ́n pọ̀. Ìwé gbèsè kan wà pẹ̀lú ìwé pé wọ́n ti san án. Lẹ́tà kan wà sí Earl ti Southampton, ìjòyè tó ń ti Shakespeare lẹ́yìn, pẹ̀lú èsì, èyí tí Ireland fi ọwọ́ òsì kọ kó má baà jọ ti àkọ́kọ́. Ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan fi hàn pé Shakespeare kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà. Lẹ́tà ìfẹ́ àti ewì sí Anne Hathaway, ìyàwó Shakespeare, wà, pẹ̀lú irun orí díẹ̀ tó so mọ́ ọn. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Elizabeth náà wà. Ó tún kọ eré King Lear látòkèdélẹ̀, ó yọ ọ̀rọ̀ rírùn kúrò nínú rẹ̀, inú àwọn òǹkàwé sì dùn pé kì í ṣe ọwọ́ Shakespeare ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ewé díẹ̀ nínú Hamlet, eré tuntun tó pè ní Vortigern, òmíràn lórí Ọba Henry Kejì.

Ìwé kan wà tó yẹ ká dúró lé lórí. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ni ohun ìní wọ̀nyí lábẹ́ òfin, ìwé ẹ̀bùn kan yọjú: Shakespeare ń rì sínú odò Thames, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Henry Ireland fa á yọ, Shakespeare sì fi àwọn eré kan ta á lọ́rẹ. Baba ńlá tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tán! Bẹ́ẹ̀ orúkọ ìsàmì méjì ṣọ̀wọ́n gidigidi ní England lásìkò Shakespeare.

Àwọn wo ló gbà á gbọ́?

Samuel ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì 1795 kí àwọn ènìyàn wá wò ó. James Boswell, òǹkọ̀wé ìtàn ìgbésí ayé Samuel Johnson, wá, ó mu omi àti ọtí bráńdì, ó kúnlẹ̀, ó fẹnu ko àwọn ìwé náà, ó ní òun dúpẹ́ pé òun wà láàyè láti rí wọn. Kò pé oṣù mẹ́rin tó kú. Ọ̀mọ̀wé méjì, Samuel Parr àti Joseph Warton, yin ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ náà lójú ọ̀dọ́mọkùnrin tó kọ ọ́. Wọ́n ṣe ìwé kan kí àwọn tó gbàgbọ́ fọwọ́ sí i. Richard Porson, ọ̀mọ̀wé èdè Gíríìkì, kọ̀, ó ní òun kì í fọwọ́ sí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́. Joseph Ritson náà rí i pé irọ́ ni.

Ọjọ́ 24, oṣù kejìlá, 1795 ni Samuel tẹ gbogbo rẹ̀ jáde nínú ìwé ńlá kan, gínì 4. Ìgbésẹ̀ yìí ló kó bá wọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé náà wò gbọ́dọ̀ wá sí Norfolk Street. Nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni lè jókòó sílé rẹ̀ kà á.

Báwo ni ọwọ́ pálábá rẹ̀ ṣe ségi?

Edmond Malone ló tú u. Ó mọ Shakespeare ju ẹnikẹ́ni lọ ní ìgbà náà, kò sì lọ sí Norfolk Street rárá. Ìwé tí Samuel tẹ̀ ló fi ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 31, oṣù kẹta, 1796 ni tirẹ̀ jáde, ó ju ojú-ìwé 400 lọ. Kò bá bébà tàbí tàdáwà jà. Ọ̀rọ̀, ọjọ́ àti ọwọ́ ìkọ̀wé ló gbájú mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọtọ́. Ireland mọ̀ pé ayé àtijọ́ kò ní àkọtọ́ kan pàtó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í da lẹ́tà lé lẹ́tà: «ande», «forre», «Hamblette», «Hatherrewaye». Malone fi ìwé àtijọ́ púpọ̀ hàn pé kò sí sáà kankan tí àwọn ará England kọ̀wé báyẹn. Àwa tó ń ka Yorùbá lè fojú inú wò ó dáadáa. Bíbélì àtijọ́ wa kọ «aiye» àti «enia». Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ayédèrú lẹ́tà ìgbà náà tí ó kọ «ayé» àti «ènìyàn», ó ti jìn sí kòtò. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ «aaiiyye» kí ó lè jọ ti àtijọ́, kòtò rẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí Ireland ṣe nìyẹn, ní gbogbo ìlà.

Ọjọ́ ńkọ́? Lẹ́tà Ọbabìnrin ní kí Shakespeare mú àwọn òṣèré rẹ̀ wá nítorí Earl ti Leicester yóò wà níbẹ̀, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Globe, ilé ìṣeré ẹgbẹ́ Shakespeare. Leicester kú ní 1588. Wọn kò kọ́ Globe títí di 1599. Ìwé mìíràn tó kan Leicester tilẹ̀ ti ní ọjọ́ 1590 lára. Nígbà tí wọ́n rí àṣìṣe náà nínú ilé, ńṣe ni wọ́n ya ibi tí ọjọ́ wà dànù. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti ta bàbá náà lólobó.

Ní ti ọwọ́ ìkọ̀wé, àwòrán ìfọwọ́sí Shakespeare wà nínú ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, Ireland sì fi wọ́n kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò rí ti Southampton tàbí ti Ọbabìnrin rí, ó kàn fa nǹkan tó wá sí i lọ́kàn. Malone ní ojúlówó wọn, ó gbé e síwájú, kò sì sí ohun tó bára mu.

Mo gbọ́ pé John Heminges méjì ló wà. Òótọ́ ni?

Ireland ló dá ìkejì. Ní oṣù kejìlá 1795, agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé, Albany Wallis, rí ìwé ilẹ̀ gidi tí Heminges fọwọ́ sí. Kò jọ ti Ireland rárá. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wo ìfọwọ́sí náà dáadáa, ó fi sórí, ó sáré lọ sí ọ́fíìsì, ó kọ ìwé owó tuntun pẹ̀lú ìfọwọ́sí tó jọ ojúlówó, ó sì padà dé láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé Heminges méjì ló wà: gíga tó wà ní Globe, àti kúkúrú tó wà ní ilé ìṣeré Curtain. Wọ́n gbà á. Iyára iṣẹ́ náà gan-an ló tàn wọ́n jẹ, torí wọn kò rò pé ayédèrú lè yá tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ Vortigern?

Ireland ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé eré kan ń bọ̀ kí ó tó kọ ìlà kan nínú rẹ̀. Àwòrán Rowena tó ń gbé ọtí fún Ọba Vortigern ló wà lára ògiri yàrá bàbá rẹ̀, ìwé ìtàn Holinshed sì wà ní pẹpẹ. Kí eré náà lè gùn bí ti Shakespeare, ó ka iye ìlà inú ọ̀kan nínú àwọn eré Shakespeare. Ọ̀kan tó gùn jù ló bọ́ sí i lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí Vortigern fi gùn kọjá ààlà.

Sheridan, alákòóso ilé ìṣeré Drury Lane, ra ẹ̀tọ́ eré náà ní 300 pọ́n-ùn. Sarah Siddons, gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin, yẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1796 ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ìwé Malone. John Philip Kemble, tó kó ipa ọba, kò gbà pé Shakespeare ló kọ ọ́. Ìṣe àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó dé orí ìlà kan tó sọ pé «nígbà tí ẹ̀sín olójú-líle yìí bá sì parí», ó fa ohùn rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ibojì. Ilé bú sẹ́rìn-ín, ariwo sọ. Nígbà tó rọlẹ̀, Kemble tún ìlà náà sọ. Wọn kò tún ṣe eré náà ní Drury Lane mọ́.

Nígbà tó jẹ́wọ́, kí ni bàbá rẹ̀ sọ?

Kò gbà. Ibí ló ń dùn wá jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà sọ fún àwọn arábìnrin rẹ̀, ó sọ fún Wallis, ní ìparí 1796 ó tẹ ìwé pélébé kan jáde tó fi jẹ́wọ́ ní gbangba. Samuel ní irọ́ ni. Ó ní ọmọ òun kò ní ọpọlọ tó lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ṣe gbogbo èyí kí bàbá rẹ̀ lè kà á sí ènìyàn wá jẹ́wọ́, àìkàsí kan náà ni bàbá fi dá a lóhùn. Samuel kú ní 1800, ó ṣì gbàgbọ́ pé Mr H. wà.

Ṣé wọ́n fi í sẹ́wọ̀n?

Kì í ṣe nítorí èyí. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré o: ní 1777 wọ́n so àlùfáà William Dodd kọ́ nítorí pé ó ṣe ayédèrú ìwé owó. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ Ireland kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó gbé e dé ilé ẹjọ́. Ó ń kọ ìwé jẹun títí tó fi kú ní 1835. Ìwé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ tó gùn jáde ní 1805, inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa tàdáwà, òǹtẹ̀ àti bébà rẹ̀ ti wá. Ẹ rántí pé elékèé ló kọ ọ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an kò sọ ní òótọ́.

Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá yọjú lónìí, báwo ni a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọwọ́ tó ti wá. Lẹ́yìn náà ẹ ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ wo gbogbo orúkọ, ọjọ́ àti àkọtọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan. Èyí kò ná ènìyàn lówó, òun ló sì ń mú púpọ̀ jù.

Ẹ wá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn, ẹ wo àmì inú rẹ̀. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Bí kòkòrò bá ti jẹ ihò sí i, ẹ wo bóyá ihò náà gé lẹ́tà ní àárín, tàbí bóyá tàdáwà ṣàn wọ etí ihò. Bí ó bá ṣàn wọ̀ ọ́, ihò ló kọ́kọ́ wà. Bákan náà ni ibi tí wọ́n ti ká bébà: tàdáwà tó tàn ká lójú ìkákò, lẹ́yìn tí bébà ti dá ni wọ́n kọ ọ́. Bébà àtijọ́ tí oje awọ tí wọ́n fi pa á lára ti ṣá máa ń mu tàdáwà bí òwú, etí lẹ́tà á sì fọ́nká. Ihò abẹ́rẹ́ adìwé létí bébà fi hàn pé inú ìwé ni wọ́n ti yọ ọ́.

Irinṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ní 1859, ní Ilé Musíọ̀mù ti Britain, wọ́n rí ipa pẹ́ńsù lábẹ́ tàdáwà «àtijọ́» tó wà nínú ìwé Shakespeare tí John Payne Collier gbé jáde. Ní 1983, bébà ìwé ìrántí Hitler tí Konrad Kujau ṣe ní kẹ́míkà ìfọ̀ funfun tí wọn kò tíì máa fi sínú bébà nígbà tí Hitler wà láyé. Ireland ì bá bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò ti Kujau, torí bébà tirẹ̀ gbó lóòótọ́.

Ojúlówó ìfọwọ́sí Shakespeare mélòó ló wà?

Mẹ́fà: mẹ́ta lára ìwé ogún rẹ̀ ti 1616, méjì lára ìwé ilé Blackfriars ti 1613, ọ̀kan lára ẹ̀rí tó jẹ́ nílé ẹjọ́ ní 1612. Kò sí odindi eré kan ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Àìtó yìí ló fún Ireland láyè: ohun tí àwọn ènìyàn lè fi wé tirẹ̀ kò tó nǹkan.

Níbo ni àwọn ayédèrú náà wà báyìí?

British Library ní London ní lára wọn, Folger Shakespeare Library ní Washington náà ní. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan ní láti ṣọ́ra gidigidi. Nígbà tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́ Ireland, ó rí i pé àwọn ènìyàn fẹ́ ra ayédèrú rẹ̀, ó wá jókòó, ó tún wọn kọ léraléra, ó sì ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan fún oníbàárà gẹ́gẹ́ bí èyí tó gbé fún bàbá rẹ̀ gan-an.